Ṣé Mínísítà Ètò Ọrọ̀ Ajé Lè Pàṣẹ Kí Èlé Wálẹ̀?

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Obì ni mo ń tà ní Ṣàgámù. Ilé ìfowópamọ́ tí mo yáwó níbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún èlé wọn, owó ọkọ̀ tó ń kó obì wa lọ sí Òkè Ọya náà sì tún gòkè. Wọ́n ní mínísítà kan wà tí ètò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló dé tí kò pàṣẹ kí gbogbo rẹ̀ wálẹ̀? *Ìyá Olóbì, Ṣàgámù.*

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Ìyá wa. Ẹni tó bá ti rí bí ẹ ṣe ń rẹ obì sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè bọ́, tí ẹ ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò kí ẹ tó fi ewé tẹ́ apẹ̀rẹ̀, yóò mọ̀ pé ó dunni kí èlé wá gbé èrè rẹ̀ lọ.

Mínísítà kò lè pàṣẹ èlé. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 12 kan ní Báńkì Àpapọ̀, èyí tí gómìnà báńkì náà jẹ́ alága rẹ̀, ló ń pinnu èlé tí àwọn báńkì yòókù ń wò ṣe tiwọn, mínísítà kò sì sí lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà fún ẹni tó bá tìtorí èyí sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án. Bí ìjọba bá fẹ́ ná ju ohun tó wọlé lọ, òun ni yóò wá ibi tí wọ́n ti máa yá ìyókù. Bí wọ́n bá yá a lọ́wọ́ àwọn báńkì wa, ìjọba ni báńkì yóò kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí ó dá wọn lójú pé yóò san án, olóbì yóò sì máa fi èlé gọbọi du èyí tó ṣẹ́ kù. Bí ó bá jẹ́ Báńkì Àpapọ̀ ni wọ́n ní kó wá owó náà jáde, owó yóò pọ̀ nígboro ju ọjà lọ, gbogbo nǹkan yóò wọ́n, báńkì náà yóò sì tún fi kún èlé kó lè ká owó náà kò. Ọ̀nà tí ọwọ́ mínísítà ń gbà dé orí gbèsè yín nìyẹn.

Nípa ìnáwó, ó dà bí akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: ó lè sọ pé àpò kò gbà á, ṣùgbọ́n kò lè dá àpótí ṣí. Ààrẹ ló ń gbé àbá ìṣúná lọ síwájú àwọn aṣòfin, àwọn ni wọ́n sì ń fọwọ́ sí i.

Àwa ará Rẹ́mọ a máa fi Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ṣe òṣùwọ̀n, ẹni tó di ètò ìnáwó mú láti 1967 sí 1971, tí wọ́n sì pààrọ̀ owó Nàìjíríà lójú rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1968, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́. Ẹ rántí pé ìjọba ológun ni, kò sí aṣòfin tí yóò dá a dúró. Ní ti àkókò alágbádá, èyí tí mo mọ rírì rẹ̀ jù ni ti 2005, nígbà tí Dókítà Ngozi Okonjo-Iweala, mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà, ṣáájú àwọn tó bá Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí a jẹ ní gbèsè, dúnàádúrà, tí wọ́n fi dárí gbèsè bílíọ̀nù 18 dọ́là jì wá, tí a sì san nǹkan bíi bílíọ̀nù 12.

Ní ti owó ọkọ̀, ẹnu Ààrẹ ni a ti gbọ́ ọ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, nígbà tí wọn kò tíì yan mínísítà kankan.

Nítorí náà, bí àbá ìṣúná tuntun bá jáde, ẹ bi aṣojú yín ní Àbújá pé èló ni wọ́n fẹ́ yá níbẹ̀, lọ́wọ́ ta ni, àti pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe.