Ẹ má fi káàdì ATM yín dúró lọ́dọ̀ kọpuréètì kankan

Ẹ kú ìbéèrè, Màmá. Ẹ ní akọ̀wé kọpuréètì yín ní Ìkẹ́rẹ́ ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mú ẹ̀dà NIN, nọ́ḿbà BVN, fọ́tò pélébé méjì, àti káàdì ATM pẹ̀lú PIN rẹ̀ wá, kí wọ́n tó tún lè yá ẹnikẹ́ni lówó. Àwọn kan ti ní kí ẹ má mú nǹkan kan lọ rárá, àwọn kan ní kọpuréètì kì í jalè. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Adó níbí, ojú mi sì ti rí tó níbẹ̀. Àwọn nǹkan tí wọ́n béèrè yẹn kò wúwo bákan náà.

Káàdì ATM àti PIN: rárá o. Mo mọ̀ pé ó wọ́pọ̀. Àwọn ayánilówó tó ń yá òṣìṣẹ́ ìjọba àtàwọn tó ti fẹ̀yìn tì lówó ti sọ ọ́ di àṣà. Wọ́n á kó káàdì jọ sínú àpòòwé, tí owó oṣù bá ti wọlé, àwọn fúnra wọn ló máa lọ fà á lẹ́nu ẹ̀rọ. Àmọ́ ẹni tó bá ní káàdì àti PIN yín lọ́wọ́ ti di ẹ̀yin lójú báǹkì. Tó bá fa owó kọjá iye tó yẹ, báǹkì á ní ẹ̀yin lẹ fún un ní PIN, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì máa parí sí. Kọpuréètì tó mọ iṣẹ́ kò nílò káàdì ẹnikẹ́ni. Owó tí ẹ ti fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn àti àwọn onídùúró ni wọ́n ń wò. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń yáni ní ìlọ́po méjì ohun téèyàn ní nílẹ̀, tí wọn kì í kọjá bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń bẹ̀rù kí sísan má falẹ̀ ni, ẹ lè lọ fọwọ́ síwèé ní báǹkì yín pé kí wọ́n máa yọ iye báyìí fún ẹgbẹ́ lóṣooṣù. Ìyẹn, bí ẹ bá san gbèsè tán, ẹ ó ní kí wọ́n dá a dúró.

BVN, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹni tó rí nọ́ḿbà mọ́kànlá yẹn nìkan kò lè fi fa kọ́bọ̀ jáde. Ó wúlò fún báǹkì, torí pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti fàyè gbà wọ́n pé bí ẹnì kan bá jẹ báǹkì kan ní gbèsè tí kò san, wọ́n lè tọpa BVN rẹ̀ lọ yọ owó náà nínú àkáǹtì tó ní ní báǹkì mìíràn. Kọpuréètì abẹ́ igi kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Kí wá ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ḿbà yín ṣe nínú dúrọ́ọ̀ akọ̀wé?

Ẹ̀dà NIN kò burú, torí ó yẹ kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń yá lówó. Ṣùgbọ́n ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ọ́ gba àárín ìwé náà kọjá pé fún kọpuréètì yín nìkan ni, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹ dúró ti ẹni tó ń ṣe fótókọ́pì, kí ẹ gba èyí tó bàjẹ́ pẹ̀lú. Mo ti ra ẹ̀pà rí ní Òkèṣà tí wọ́n fi fọ́ọ̀mù ẹni ẹlẹ́ni pọ́n, fọ́tò ọkùnrin náà ń wò mí kedere, nọ́ḿbà fóònù rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Fọ́tò pélébé ni ẹ ò ka sí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an ni wọ́n fi mú èmi.

Ọdún kan tí a fẹ́ pín èrè, wọ́n pe orúkọ títí, wọn ò pe tèmi. Akápò ní wọ́n ti dá tèmi dúró nítorí pé ẹni tí mo dúró fún kò san owó. Mi ò dúró fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tí wọ́n dárúkọ, ojú lásán ni mo mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí wọ́n wá mú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó rẹ̀ jáde, orúkọ mi wà níbẹ̀, nọ́ḿbà mi wà níbẹ̀, fọ́tò mi náà wà níbẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn tí mo mú wá nígbà tí mo ń wọ ẹgbẹ́. Wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ fọ́ọ̀mù ìwọlé mi nígbà náà, èkejì wà nínú dúrọ́ọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Ìbuwọ́lùwé nìkan ni kò jọ tèmi. Kò gba PIN, kò gba íntánẹ́ẹ̀tì, kò gba ọmọ yahoo kankan.

Mi ò bá wọn jà nínú ìpàdé, torí ẹni tó bá pariwo níbẹ̀ ni wọ́n máa pè ní oníjàgídíjàgan, ọ̀rọ̀ á sì yí padà sórí ìwà rẹ̀. Lẹ́tà ni mo kọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí fọ́ọ̀mù náà àti àkọsílẹ̀ ìpàdé tí wọ́n ti fọwọ́ sí ẹ̀yáwó yẹn. Mo ya àwòrán méjèèjì. Mo lọ búra ní kóòtù pé ọwọ́ mi kọ́ ló wà níbẹ̀, mo so ìwé ìbúra yẹn mọ́ lẹ́tà kejì pẹ̀lú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù ìwọlé mi kí wọ́n lè fi ìbuwọ́lùwé méjèèjì wé ara wọn. Gbogbo lẹ́tà tí mo bá fi sílẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi. Màmá, òǹtẹ̀ yẹn ló gbà mí. Nígbà tí wọ́n ń sọ pé "a ó yanjú ẹ̀ láàárín ara wa", tí oṣù ń gorí oṣù, mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọpuréètì ní Adó. Ibẹ̀ ni òfin ní kí aáwọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́ gbà kọjá kó tó di ti agbẹjọ́rò, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ̀. Wọ́n rán òṣìṣẹ́ wá yẹ ìwé wò, kì í ṣe orúkọ tèmi nìkan ló bá níbẹ̀. Wọ́n san èrè mi.

Láti ìgbà náà, onídùúró gbọ́dọ̀ yọjú síwájú ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ ní ẹgbẹ́ wa, akápò á sì pe nọ́ḿbà tó wà nínú rẹ́jísítà kí owó tó jáde. Ẹ béèrè fún èyí ní Ìkẹ́rẹ́. Fọ́tò kan ṣoṣo ni kí ẹ mú lọ, kí ẹ kọ ohun tó wà fún sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ má sì fi káàdì ìfowópamọ́ yín, èyí tí wọ́n ń kọ iye tí ẹ dá sí, sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé pé ó máa bá yín kọ ọ́ tó bá yá. Àjọ NDIC tó ń dáàbò bo owó inú báǹkì kò dé ọ̀dọ̀ kọpuréètì, káàdì yẹn ni ẹ̀rí yín.

Ẹnì kan béèrè nípa fóònù tó sọnù. Síìmù ni kí ẹ sáré dínà kí ẹ tó ronú fóònù. Olè á ki síìmù yín bọ fóònù mìíràn, á tẹ *565*0#, BVN yín á jáde. Á tẹ *346#, NIN náà á jáde. Èyí tí ẹ ń fi pamọ́ fún akọ̀wé ti dọ́wọ́ ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí nìyẹn, gbogbo kóòdù tí báǹkì bá fi ránṣẹ́ á sì máa bá a níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín bá yín fi PIN sí síìmù fúnra rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣí fóònù. Ẹ kọ nọ́ḿbà tí báǹkì yín fi ń dí àkáǹtì pa sórí ìwé, kí ẹ fi í sílé. Kí ẹ má sì fi ọdún ìbí yín ṣe PIN, ẹ jọ̀ọ́.

Ti WhatsApp kò gùn. Bí alága bá ń bẹ̀ yín fún kóòdù onínọ́ḿbà mẹ́fà kan tó ṣèèṣì wọ orí fóònù yín, alága kọ́, ẹni tó fẹ́ gba WhatsApp yín ni. Akọ̀wé tó ń lẹ orúkọ, nọ́ḿbà fóònù àti nọ́ḿbà àkáǹtì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mọ́ ojú WhatsApp lóṣooṣù, ẹ ní kó dáwọ́ dúró.

Ẹni tó bá fura pé wọ́n ti fi orúkọ òun yá owó ní báǹkì tàbí lórí áàpù lè béèrè ìwé gbèsè rẹ̀ lọ́wọ́ CRC, FirstCentral tàbí CreditRegistry, àwọn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn èèyàn. Ọ̀fẹ́ ni lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Gbèsè inú kọpuréètì kì í sábà hàn níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ní kí wọ́n ṣí lẹ́jà.

Tí akọ̀wé yín bá sì ní dandan ni káàdì ATM, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ní kó kọ ọ́ sórí ìwé pé ẹgbẹ́ ló ń gba káàdì àti PIN lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, kí alága fọwọ́ sí i, kí ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sílé. Mi ò tíì rí èyí tó kọ ọ́ nínú wọn.