Ọmọ erin mi di eérú nínú fọ́tò dúdú-àti-funfun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ya ọmọ erin kan tó dúró sábẹ́ ikùn ìyá rẹ̀, nínú koríko gbígbẹ. Nígbà tí fọ́tò náà ṣì ní àwọ̀, ó wù mí gan-an. Àmọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ di dúdú-àti-funfun báyìí, ìyá, ọmọ àti koríko pa pọ̀ di eérú. Mo fa contrast (ìyàtọ̀ láàárín ibi tó dúdú àti ibi tó funfun) sókè títí, ojú ọmọ náà wá dà bí ihò. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, àmọ́ ọmọ erin tiyín ti di fìrí gan-an. Contrast kọ́ ló máa yọ ọ́. Àwọ̀ ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀: koríko jẹ́ yẹ́lò, ara erin jọ erùpẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ara méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ wá yọ àwọ̀ kúrò, kò sí ohun tó tún yà wọ́n mọ́. Inú àwọ̀ ni iṣẹ́ dúdú-àti-funfun ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ padà sí fáìlì RAW, ìyẹn èyí tí kámẹ́rà tọ́jú láìtíì tún un ṣe, ẹ má ṣiṣẹ́ lórí JPEG, èyí tí wọ́n ti fún pọ̀. JPEG kò ní ju ìpele 256 lọ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. RAW oní-bit 14 ní 16,384, inú òjìji abẹ́ ikùn yẹn gan-an lẹ ti máa nílò wọn.

Ẹ lọ síbi tí ẹ ti lè fa àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀; Lightroom, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ń pè é ní B&W Mix. Ẹ fa yẹ́lò sókè díẹ̀díẹ̀: koríko á máa funfun, erin méjèèjì á sì máa yọ bí àpáta lójú omi. Kí ẹ wá dán àwọ̀ ọsàn wò. Erin kì í sábà gbé àwọ̀ tara rẹ̀ kiri. Erùpẹ̀ tó bá bù dà sára ló ń wọ̀ bí aṣọ. Àwọn ti Tsavo ní Kẹ́ńyà pọ́n bí bíríkì nítorí ilẹ̀ pupa ibẹ̀. Bí tiyín bá pọ́n bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ọsàn àti pupa á gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú ló gbẹ mọ́ ọn lára, kò ní mì.

Ẹ rọra ṣe búlúù o. Gbogbo ènìyàn ló ń fà á wálẹ̀ kí ojú ọ̀run lè ṣókùnkùn, wọ́n gbàgbé pé ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run kan náà ló ń wọ inú òjìji, òjìji fúnra rẹ̀ sì ní búlúù nínú. Bí ẹ bá fà á jù, ọmọ abẹ́ ikùn á tún rì sí i, ìlà funfun á sì yí etí ìyá ká.

Ó wá ku ìyá àti ọmọ. Erùpẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ fi wẹ̀, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló lè yà wọ́n. Ẹ fi mask (ohun tó ń jẹ́ kí àtúnṣe mọ sí ibi kan) bo ọmọ náà, ẹ gbé exposure rẹ̀, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, sókè bí ìdajì stop (stop kan ni ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀), kí ẹ dín ti ẹsẹ̀ àti ikùn ìyá kù díẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ikùn ìyá gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ ibòji.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni clarity, èyí tó ń mú kí ìlà àti ìhunjọ ara hàn ketekete. Wọ́n á fà á dé góńgó lórí gbogbo fọ́tò, awọ ọmọ oṣù mẹ́ta á wá hunjọ bí èèpo igi. Ẹ fi sí ọwọ́jà ìyá, níbi tó ti yẹ ẹ́. Ti ọmọ, ẹ dín in kù. Ẹ wá sún mọ́ orí àti ẹ̀yìn ọmọ náà dáadáa, ẹ ó rí irun gígan tó tò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀. Bí oòrùn bá ti ẹ̀yìn wá, á tàn yòò bí òwú fàdákà. Irun yẹn ni kí ẹ fi texture díẹ̀ sí, èyí tó ń yọ àwọn ohun tẹ́ẹ́rẹ́ jáde. Òun ló ń fi hàn pé ọmọdé nìyí.

Ní ti ojú, ẹ la àyíká ẹyinjú díẹ̀ kí irun ìpéǹpéjú lè hàn, kí ẹ fi àárín sílẹ̀ ní dúdú. Bí ìtànṣán kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ yà á, ẹ má fi kún un. Mo ti ṣe é rí, ojú náà wá dà bí ti bèbí oníke. Ọ̀pọ̀ ìdíje fọ́tò ẹranko ìgbẹ́ sì ń béèrè fáìlì RAW láti fi wo ohun tí ẹ fi kún.

Bí ẹ bá parí, ẹ sọ fọ́tò náà di kékeré títí á fi tó èékánná àtàǹpàkò. Bí ọmọ náà kò bá hàn, yẹ́lò ni kí ẹ padà sí, ẹ má fọwọ́ kan contrast.