Ta ni Pauline Kael, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń dárúkọ rẹ̀?

Ará Amẹ́ríkà ni, aṣelámèyítọ́ fíìmù tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Wọ́n bí i ní Petaluma, Kalifóníà, ní 1919. Ó kú ní 2001. Ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé lórí fíìmù, ó sì sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Berkeley láìgba kọ́bọ̀.

Àròkọ gígùn tó fi gbèjà Bonnie and Clyde ní 1967, nígbà tí àwọn lámèyítọ́ ńláńlá ń bu ẹnu àtẹ́ lu fíìmù náà, ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká. Ní 1968 ni The New Yorker, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà, gbà á síṣẹ́, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1991, àyàfi ìgbà díẹ̀ tó lọ ṣiṣẹ́ ní Hollywood. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń wo fíìmù kó tó kọ nípa rẹ̀, bí ẹni ń bá ọ jiyàn lójú agbo ló sì ń kọ ọ́. Òun ló bá àwọn olùdarí fíìmù bíi Robert Altman àti Martin Scorsese polówó ọjà wọn.

Ó máa ń ṣàṣejù o. Ní 1971 ó kọ̀wé pé Herman Mankiewicz, òǹkọ̀wé fíìmù, ló ni ìtàn fíìmù Citizen Kane, kì í ṣe Orson Welles tó darí rẹ̀. Àwọn olùwádìí ti já a nírọ́. Ní 1980, Renata Adler, akẹgbẹ́ rẹ̀ ní The New Yorker, na iṣẹ́ rẹ̀ ní pàṣán nínú ìwé ìròyìn mìíràn. Síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé bíi tirẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n ń pè wọ́n ní "Paulettes".