Ṣé kí n ta Wii U tó wà nílé wa?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. London là ń gbé. Bàbá àwọn ọmọ ra Wii U kan, ẹ̀rọ géèmù Nintendo tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣàn, nígbà tí àkọ́bí wa ṣì kéré. Àwọn ìbejì ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ báyìí, Switch, ẹ̀rọ Nintendo tó tẹ̀lé e, ni wọ́n ń sunkún fún. Wọ́n ní gbogbo géèmù inú èyí àtijọ́ ni wọ́n ti kó lọ sórí Switch. Ẹ̀gbọ́n mi ní Houston tún fi díìsì ránṣẹ́ sí wọn, kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́. Ṣé kí n kúkú tà á, kí n fi owó rẹ̀ kún ti tuntun?
Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Olúwa á bá wa wò wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tà á.

Àwọn ọmọ ò purọ́, wọn ò kàn sọ ọ́ tán ni. Láti 2017 ni Nintendo ti ń kó àwọn géèmù Wii U lọ sórí Switch. Mario Kart 8 lọ lọ́dún náà, New Super Mario Bros. U lọ ní 2019, Pikmin 3 ní 2020, Super Mario 3D World ní 2021. Ká ní ẹ ò ní ìkankan nílé ni, Switch ni mi ò bá ní kí ẹ rà. Ṣùgbọ́n bí díìsì wọn bá wà lọ́wọ́ yín, owó tuntun lẹ máa tún san lórí géèmù tí ẹ ti rà.

Èyí tí wọn ò kó lọ ló jẹ mí lógún jù. Nintendo Land bá ẹ̀rọ náà jáde ní 2012, ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Eré kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Luigi's Ghost Mansion. Ọmọ kan á di páàdì ńlá tó ní ojú mú, òun ni iwin. Ojú páàdì yẹn nìkan ló ti ń rí ara rẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù tó ń wo tẹlifíṣàn ò rí i, tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń wá a, rìmóòtù ọwọ́ wọn á sì máa gbọ̀n bó bá sún mọ́ wọn. Bojúbojú gan-an ni! Lọ́dún Kérésì, táwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá kún pálọ̀ wa, ariwo “ó wà lẹ́yìn ẹ! sáré!” ni màá máa gbọ́ láti kíṣìnì. Ọmọ márùn-ún ló ń ṣeré lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Switch ò lè rí bẹ́ẹ̀, torí bí ẹ bá ti gbé e sórí tẹlifíṣàn, ojú tara rẹ̀ ti kú nìyẹn. Wii U tún ń gba díìsì Wii, ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wa ṣì tọ́jú.

Díìsì Houston ò bàjẹ́ o. Wii U tí wọ́n tà ní UK kì í gba díìsì Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni páàdì ńlá Amẹ́ríkà ò ní bá a ṣiṣẹ́. Ẹ tètè sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kí wọ́n má rà sí i. Switch ò ní irú ìdènà yìí, àǹfààní ńlá nìyẹn fún àwa tí ẹbí wa fọ́n káàkiri.

Wọ́n ti ti ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì Wii U ní March 2023, wọ́n sì pa eré orí íntánẹ́ẹ̀tì ní April 2024. Díìsì nìkan lẹ lè máa rà báyìí, tòkunbọ̀ sì ni. Ní tèmi, ó tẹ́ mi lọ́rùn pé kò sí àjèjì tó máa bá ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣeré níbẹ̀.

Páàdì ńlá yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ ṣáájì rẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kan gbogbo igun ojú rẹ̀. Bó bá jẹ́ bátìrì ló kú, ó ṣeé pààrọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u. Bó bá jẹ́ ojú rẹ̀ ló fọ́, ẹ tà á fún àwọn tó ń tún un ṣe, torí ẹ ò ní lè ṣe sẹ́tìn-ìn ẹ̀rọ náà láìsí i, kò sì rọrùn láti rí òmíràn rà lọ́tọ̀.