Ẹgbẹ́rẹ́ Kì Í Jagun

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní ò ń ṣe mod, ìyẹn àtúnṣe tí òṣèré géèmù fúnra rẹ̀ ń ṣe, fún géèmù kọ̀ǹpútà Age of Mythology àtijọ́, ti 2002, o ti to ẹ̀yà mẹ́rìnlá sílẹ̀, ó kù kí á bá ọ pín abàmì ẹ̀dá fún wọn ní kọ̀ọ̀kan: ta ló máa gba dírágónì, ta ló máa gba Mami Wata, kí ni ti Yorùbá. Bí èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Mẹ́rìndínlógún ni mo tò ní tèmi. Mẹ́rin ló kù lónìí: Yorùbá, Wágádù, Dahomey àti Japan. Jẹ́ kí n ròyìn bí àwọn yòókù ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹgbẹ́rẹ́ ni mo kọ́kọ́ bàjẹ́. Ìwọ náà á mọ bí wọ́n ṣe máa ń fi dẹ́rù bà wá ní kékeré: kúkúrú bíńtín, ẹní lábẹ́ apá, ẹkún ní gbogbo òru. Mo ya á, mo fi eyín ṣóṣóró sí i lẹ́nu, mo gbé kùmọ̀ lé e lọ́wọ́, mo sì fún un lágbára ju Minotaur, ènìyàn olórí màlúù àwọn Gíríìkì, lọ, torí mo ti pinnu pé Yorùbá ló gbọ́dọ̀ borí. Ìyá mi wá kí mi lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i lójú kọ̀ǹpútà. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí. "Kí nìyí?" Mo ní ẹgbẹ́rẹ́ ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ẹgbẹ́rẹ́ wo ló ń jagun? Ẹní rẹ̀ dà?"

Mi ò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀ nípa ẹgbẹ́rẹ́ ò kan ìjà rárá: ẹni tó bá já ẹní gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì lè fara da ẹkún rẹ̀, olówó nìyẹn. Mo gba kùmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá ẹní padà. Ní báyìí, ẹgbẹ́rẹ́ kan ló máa ń rìn kiri inú igbó lórí máàpù, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Bí ọmọ ogun rẹ bá já ẹní yẹn gbà, wúrà á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́rẹ́ á tẹ̀ lé ọ délé, á máa sunkún yí ìlú rẹ ká, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ rẹ á sì máa falẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó lè pa á. Àfi kí o rọ́jú, tàbí kí o dá ẹní padà. Láti ọjọ́ tí mo ti tún un ṣe báyìí, òun ni àwọn tó ń gbá géèmù náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ kò lu ẹnikẹ́ni rí.

Nítorí náà, kí o tó béèrè bí ẹ̀dá kan ṣe rí, béèrè ohun tó máa ń ṣe nínú ìtàn àwọn tó ni ín.

Wo Wágádù, ìjọba àwọn Soninke tí ìwé ìtàn ń pè ní Gánà àtijọ́, tí ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí Mauritania àti Mali òde òní. Ejò ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bida. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi wúńdíá kan fún un, òun náà ń jẹ́ kí òjò rọ̀, kí wúrà sì pọ̀. Ọdún tó kan ọmọbìnrin kan tó ti ní àfẹ́sọ́nà, àfẹ́sọ́nà yẹn yọ idà, ó bẹ́ ejò lórí. Orí náà fò lọ síbi tó jìnnà, wúrà bá a lọ, ọ̀dá sì dá ní Wágádù títí ìlú fi tú. Bí o bá wá fi Bida ṣe ejò kan tó kàn ń bu ènìyàn jẹ, ejò oko lásán lo mú wá. Ní tèmi, ìlú tó bá gba Bida mọ́ra á máa rí wúrà, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ará ìlú kan á di àwátì. Ìwọ lè pa á, ọ̀tá rẹ náà lè yọ́ wọlé wá pa á. Tó bá ti kú, gbogbo ibi ìwakùsà wúrà tó wà nítòsí á gbẹ, òmíràn á yọ ní ìpẹ̀kun máàpù. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ ìyẹn nìkan, mi ò sì kábàámọ̀.

Àwọn tó ṣe géèmù náà fúnra wọn fi ẹyẹ Roc fún Íjíbítì láti máa gbé ọmọ ogun káàkiri. Ìtàn àwọn Lárúbáwá àti Páṣíà ló ni ẹyẹ yẹn, ìhà Madagascar ni Marco Polo sì gbọ́ pé ó wà. Ti àwọn Fáráò kọ́. Mi ò bínú sí wọn ṣá. Wọ́n nílò ohun tó ń fò, géèmù wọn sì dùn. Ìwọ lo kọ ọ́ sínú àlàyé mod rẹ pé "àṣà gidi" ni, ìyẹn ni wọ́n á fi mú ọ.

Mami Wata ló fi hàn mí pé ẹ̀dá mìíràn ò ṣeé pín rárá. Yorùbá ni mo fi fún, mo tún lẹ orúkọ Yemọja mọ́ ọn. Àwòrán tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, obìnrin onírun gígùn tí ejò wà lọ́rùn rẹ̀, ilé ìtẹ̀wé kan ní Hamburg ní Jámánì ló tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀wádún 1880. Obìnrin tó ń fi ejò ṣeré fún èrò ìwòran ni wọ́n yà. Àwòrán náà dé etíkun wa, oríṣiríṣi ẹ̀yà rí ẹ̀mí omi tiwọn nínú rẹ̀, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní Bombay ní 1955. Ta ni kí á wá fi í fún? Mi ò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀yà tó bá kọ́ èbúté, tó sì ń ra tó ń tà, lè rí i. Yemọja ní tiẹ̀, odò Ògùn ló ni nílé. Olókun ló ni òkun. Ní Salvador ní Brazil, etí òkun ni wọ́n máa ń kó ẹ̀bùn Yemọja lọ ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì. Nítorí náà, ibi tí máàpù rẹ bá wà ló máa sọ omi tí wàá fi í sí.

Ará Brazil kan ló là mí lójú nípa Èṣù. Ọmọ ogun oníwo ni mo fi Èṣù ṣe. Ó kọ̀wé sí mi, kò bú mi, ó kàn ní gbogbo ọjọ́ Ajé lòun ń bọ Exu, bí wọ́n ṣe ń kọ Èṣù lọ́hùn-ún, kí ló dé tí mo fi ìwo sí i lórí? Mo wá èsì tì. Inú Bíbélì ni mo ti mọ Èṣù. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ló fi orúkọ náà pe Sátánì, kì í ṣe àwọn babaláwo. Mo kó gbogbo òrìṣà kúrò láàárín ọmọ ogun. Nínú géèmù yìí, o máa ń yan òrìṣà ní ìbẹ̀rẹ̀, bíi Zeus tàbí Odin, ẹnikẹ́ni ò sì lè fi ọ̀kọ̀ gún un pa. Ibẹ̀ ni Ṣàngó, Ògún àti Èṣù wà báyìí.

Yọ Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún yẹn náà. Fágúnwà ló dá a sínú ìwé rẹ̀ ní 1938. Iṣẹ́ ọpọlọ ẹnìkan ni, kì í ṣe ìtàn ìwáṣẹ̀. O tún fi qilin, abàmì ẹranko inú ìtàn wọn, fún Ṣáínà, o fi kirin fún Japan, bí ẹni pé méjì ni. Orúkọ kan náà ni. Ní 1414 wọ́n mú àgùnfọn kan láti Bengal wá fún Yongle, ọba Ṣáínà, wọ́n ní qilin dé. Títí dòní, kirin ni àwọn ará Japan ń pe àgùnfọn. Fi kappa, iwin inú omi, fún Japan. Omi wà nínú kòtò orí rẹ̀, tó bá tẹríba, tí omi yẹn dànù, agbára rẹ̀ tán. Iṣẹ́ rẹ ti parí síbẹ̀.

Ibi tó rọrùn jù fún mi ni Dahomey. Ère igi mẹ́ta kan wà: ọba Ghezo tó di ẹyẹ lápá kan, Glele tó di kìnnìún, Béhanzin tó di yanyan. Paris ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, wọ́n sì wà lára ohun mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí Faransé dá padà fún Benin ní oṣù Kọkànlá 2021. (Ẹ̀gbá ni mí, Ghezo sì gbógun wá bá wa ní 1851, Glele tún wá ní 1864. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà yẹn dára, kò ṣeé sẹ́.) Má fi wọ́n ṣe ẹranko inú igbó o. Oríkì tí wọ́n gbẹ́ sígi ni wọ́n. Ọba ni mo ń jẹ́ kó para dà fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí ogun bá le, lẹ́yìn náà á tún di ènìyàn.

Fi àwòrán sílẹ̀ ná. Kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ohun tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú ìtàn rẹ̀, èyí tí o ò bá rí gbólóhùn kọ fún, pa á rẹ́. Fi ìyókù ránṣẹ́ sí mi.

Ìyá mi tún rí ẹgbẹ́rẹ́ náà ní Kérésì tó kọjá. Wọ́n ní ẹní rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹkún rẹ̀ ò tíì pọ̀ tó.