Ilé àtìmọ́lé ọ̀dọ́ ti kún àkúnya: ṣé òmíràn ni ká kọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Ibùsùn 40 ló wà nílé àtìmọ́lé ọ̀dọ́ tí à ń bójú tó, àmọ́ ọmọ 60 ló ń sùn níbẹ̀, àwọn kan wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìjọba fẹ́ kọ́ ilé mìíràn kún un. Ṣé ìyẹn máa tán ìṣòro yìí?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbé bíríkì o. Ohun méjì ló ń kún ilé náà: iye ọmọ tó ń wọlé, àti iye ọjọ́ tí wọ́n ń lò. Ká ní ọmọ 730 ló ń wọlé lọ́dún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo ọjọ́ 30. Ẹ fi 30 sọ 730 di púpọ̀, kẹ́ ẹ pín in sí 365: ọmọ 60 lẹ máa bá níbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọjọ́ náà bá wálẹ̀ sí 20, ọmọ 40 ni, bẹ́ẹ̀ iye tí ọlọ́pàá ń mú kò dín ẹyọ kan.

Ìwé ìwọlé lẹ máa kọ́kọ́ ṣí. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan dé, ẹ̀sùn rẹ̀, àti ohun náà gan-an tó ń dúró dè lónìí. "Ẹjọ́ ṣì ń lọ" kì í ṣe ìdáhùn. Ṣé ìròyìn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ni kò tíì dé? Ṣé kò ní agbẹjọ́rò ni? Àbí adájọ́ ti ní kó máa lọ, tí ẹnikẹ́ni ò sì pe òbí rẹ̀? Ẹ ya àwọn tó ti pẹ́ sọ́tọ̀: ọmọ 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lo ọjọ́ 200 gba ààyè bíi ti ọmọ 40 tó lo ọjọ́ 20. Kí ẹnì kan máa gbé orúkọ wọn lọ bá adájọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní 2019, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dábàá pé bí oṣù 6 bá pé láìsí ìdájọ́, kí wọ́n tú ọmọ sílẹ̀. Lójú tiwa, oṣù 6 gan-an ti pọ̀ jù fún ọmọ ọdún 14.

Lẹ́yìn náà ni ẹnu ọ̀nà. Ẹ ṣe ìwé ìdíwọ̀n, tó ń fi máàkì sọ ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ tì mọ́lé àti ẹni tó yẹ kó lọ sílé, fún gbogbo ọmọ tí ọlọ́pàá bá mú wá: bí ẹ̀sùn ti wúwo tó, ẹjọ́ àtẹ̀yìnwá, bóyá ó ti pa ọjọ́ ẹjọ́ jẹ rí. Ẹ má fún òṣì tàbí àìsí bàbá nílé ní máàkì kankan. Ìrànwọ́ nirú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé máàkì á kéré, òṣìṣẹ́ á sì ti ọmọ mọ́lé torí pé ojú rẹ̀ le. Kó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ọ̀gá rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ètò mìíràn wà, bí ibùdó ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọmọ ti ń wà lẹ́yìn tí ilé ìwé bá parí títí di alẹ́. Àmọ́ ọmọ tí ì bá wọ àtìmọ́lé ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn tí ì bá ti lọ sílé wọn lẹ kó síbẹ̀, ibùdó á kún, àtìmọ́lé náà ò sì ní dín.

ÌBÉÈRÈ: Bí wọ́n bá tú wọn sílẹ̀, ṣé wọn ò ní sá fún ẹjọ́?

ÌDÁHÙN: Àwọn kan á pa á jẹ, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló sá. Ẹlòmíràn gbàgbé ọjọ́, ẹlòmíràn ò rówó ọkọ̀. Ẹ kọ ọjọ́, aago àti yàrá ilé ẹjọ́ fún òbí kó tó kúrò lọ́dọ̀ yín, kẹ́ ẹ sì pè é lálẹ́ tó ṣáájú. Bí ọmọ ò bá wá, ẹ wá a kàn kí wọ́n tó kọ ìwé àṣẹ pé kí wọ́n mú un, torí ìwé yẹn ló ń dá ọ̀pọ̀ wọn padà sórí ibùsùn tí wọ́n ti kúrò.