Búlọ́ọ̀kù Mi Kò Tó Ìwọ̀n: Ìbéèrè Yín Lórí Kúìlìtì Ìtọrẹ

Kúìlìtì ni lẹ́tà tó pọ̀ jù lóṣù yìí dá lé: aṣọ ìbora tí a fi onírúurú àgékù aṣọ tò, tí a sì tẹ́ òwú sáàárín rẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ti ìtọrẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rán búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ìyẹn àwọn abala onígun mẹ́rin tí a ń so pọ̀ di kúìlìtì, kálukú nílé tirẹ̀, kí ẹnì kan tó wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Níbi ìsopọ̀ yìí ni wàhálà ti máa ń yọjú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ wa ní kí búlọ́ọ̀kù jẹ́ ínṣì 12½ níbùú lóòró. Mo gé onígun mẹ́rin mẹ́sàn-án, ínṣì 4½ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe wí gẹ́lẹ́. Ìgbà tí mo rán an tán, ínṣì 12 péré ni mo bá. Ṣé gígé mi ni kò dáa?

Ìdáhùn: Gígé yín dáa. Etí tí ẹ fi sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń rán an ló jẹ aṣọ. Ínṣì ¼ ló yẹ kó wà láàárín abẹ́rẹ́ àti etí aṣọ. Bí ó bá di ⅜, ojú rírán kọ̀ọ̀kan á jẹ ¼ lé sí i: ⅛ lára aṣọ òkè, ⅛ lára ti ìsàlẹ̀. Ojú rírán méjì ló sì wà níbùú búlọ́ọ̀kù yín, méjì lóòró. Ibẹ̀ ni ½ yẹn gbà lọ.

Kí ẹ tó rán òmíràn, ẹ gé ọ̀já aṣọ mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní ínṣì 1½, kó sì gùn tó ínṣì 6. Ẹ rán wọn mọ́ra lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ lọ̀ wọ́n, kí ẹ wá wọn ọ̀já àárín. Ínṣì 1 géérégé ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, etí tí ẹ ń fi sílẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ó bá lé, ó ti kéré jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ óò rí i pé ó yẹ kí etí náà fi bíńtín dín sí ¼, nítorí aṣọ tí a ká padà máa ń jẹ tó fífẹ̀ fọ́nrán òwú kan. Ibi tó bá ti péye, ẹ lẹ sẹ̀lótéèpù mọ́ orí máṣíìnì níbẹ̀, kí etí aṣọ máa rìn tọ̀ ọ́. Ẹ má fi ẹsẹ̀ kékeré tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ ṣe òdiwọ̀n láìdán an wò, torí lórí ọ̀pọ̀ máṣíìnì, etí rẹ̀ jìnnà sí abẹ́rẹ́ ju ¼ lọ.

Èyí tí ẹ ti rán ńkọ́? Ẹ tú u. A mọ̀ pé ó ń súni, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù fà á kó lè tó 12½. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, á súnkì padà, á sì fa àwọn tó yí i ká wọ́.

Ìbéèrè: Igun àwọn búlọ́ọ̀kù mi kì í bára mu láàárín.

Ìdáhùn: Ibi tí ẹ ń lọ etí rẹ̀ sí ni kí ẹ wò. Ẹ má là á sí méjì. Ìhà aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn ni kí ẹ lọ gbogbo rẹ̀ sí. Bí ìlà kan bá jẹ́ dúdú-funfun-dúdú, etí rẹ̀ á kọjú síta; funfun-dúdú-funfun, etí tirẹ̀ á kọjú sáàárín. Nígbà tí ẹ bá gbé ìlà méjèèjì léra, etí wọn á há mọ́ra wọn, ọwọ́ yín gan-an á mọ̀ ọ́n. Ẹ fi abẹ́rẹ́ olórí gún un níbẹ̀ kí ẹ tó rán an. Ẹ máa gbé áyọ́ọ̀nù lé e, kí ẹ sì gbé e kúrò. Ẹ má wọ́ ọ lórí aṣọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rán púpọ̀, ọ̀já gígùn yá ju kí ẹ máa gé e ní ẹyọ ẹyọ. Ẹ gé ọ̀já oní-4½ láti etí kan aṣọ dé èkejì, ẹ rán wọn ní mẹ́ta mẹ́ta bí ìlà méjì òkè yẹn, kí ẹ tó wá gé wọn lábùú ní 4½. Aṣọ tó fẹ̀ ní ínṣì 42 á fún yín ní abala mẹ́sàn-án. Méjì lára ti dúdú-funfun-dúdú àti ẹyọ kan lára ìkejì ni búlọ́ọ̀kù kan, nítorí náà abala mẹ́sàn-án ti dúdú-funfun-dúdú, pẹ̀lú mẹ́rin lára ìkejì, tó búlọ́ọ̀kù mẹ́rin.

Ìbéèrè: Irú aṣọ wo ni kí n lò? Ṣé dandan ni kí n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Aṣọ òwú pọ́ńbélé tí nínípọn wọn dọ́gba. Aṣọ tó ń nà, ẹ má fi kún un rárá. Àyàfi tí ẹgbẹ́ yín bá ní kí ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e: òwú máa ń súnkì, àwọ̀ pupa àti ti aró sì lè ṣàn sára funfun. Àgékù kéékèèké á tú bí ẹ bá fọ̀ ọ́. Èyí ni kí ẹ fi omi gbígbóná tẹ̀ mọ́ aṣọ funfun kan, kí ẹ wò ó bóyá yóò ṣí. Ẹ fi gígùn ojú rírán, ìyẹn láti ibi tí abẹ́rẹ́ gún dé ibi tó tún gún, sí mìlímítà 2 sí 2.5, nítorí máṣíìnì ni wọn yóò máa fi fọ aṣọ yìí lemọ́lemọ́.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fi bọ́tìnnì ṣe ojú ẹranko sórí ti ọmọ ọwọ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọmọ á já a, á sì gbé e mì. Òwú ni kí ẹ fi ya ojú náà.

Ìbéèrè: Búlọ́ọ̀kù mélòó ló ń di aṣọ ìbora kan?

Ìdáhùn: Tí a bá rán oní-12½ mọ́ òmíràn, ínṣì 12 ló ń kù lójú. Mẹ́sàn-án á jẹ́ 36 sí 36, ó tó ọmọ ọwọ́. Ogún, mẹ́rin níbùú, márùn-ún lóòró, á jẹ́ 48 sí 60, ó tó àgbàlagbà láti fi bo ẹsẹ̀ lórí àga. Ẹni tó bá fẹ́ so ogún yìí pọ̀, kí ó jẹ́ kí aṣọ ẹ̀yìn àti òwú àárín fi ínṣì 4 yọ ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: 56 sí 68.